Ta Ló Fa Ọ̀wọ́n Oògùn àti Ìbọ̀wọ́ Lọ́dún 2020? Ìdáhùn fún Oníkẹ́míìsì Kan ní Mọ́kọ́lá

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Nígbà àrùn Kòrónà, ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti sanitáísà wọ́n gógó, Paracetamol pàápàá kò rọrùn-ún rí. Àwọn oníbàárà ń pè wá ní ọ̀dájú, wọ́n ní àwa la kó ọjà pamọ́. Ní báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan mú ìwé ìbéèrè gígùn wá, wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí bí ọjà ṣe dáwọ́ dúró nígbà náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti rí níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣé àwa ọlọ́jà la jẹ̀bi lóòótọ́? Ṣé kí n dá wọn lóhùn ni, àbí kí n panu mọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà, ìyá wa. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ìbàdàn níbí ni bí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ṣe ń kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n títí wọ́n fi ń dé ọwọ́ aláìsàn, nítorí náà n ó dá yín lóhùn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ìwọra àwọn ọlọ́jà kọ́ ló fa ọ̀wọ́n náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan lára yín fi jẹ èrè àjẹjù. Síbẹ̀, ọwọ́ ọlọ́jà wà nínú bí ọ̀wọ́n náà ṣe le tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó, àmọ́ ibi tí àwọn oníbàárà ń tọ́ka sí kọ́ ni ọwọ́ náà wà. Inú ìwé tí ẹ fi ń bèèrè ọjà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà fún yín ni ó wà, ìwé yẹn gan-an sì ni ohun tó yẹ kí ìwádìí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé páálí ìbọ̀wọ́ kan padà sẹ́yìn láti orí káńtà yín. Páálí kan sábà máa ń ní páàkì mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ìbọ̀wọ́ ló sì máa ń wà nínú páàkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rà á lọ́wọ́ alágbàtà kan ní Ìbàdàn. Alágbàtà rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń kó ọjà wọlé ní Èkó. Ẹni yẹn náà san dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ní Malaysia, nítorí orílẹ̀-èdè yẹn nìkan ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí gbogbo ayé ń lò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Malaysia sé àwọn aráàlú mọ́lé, ìdajì òṣìṣẹ́ péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà láàyè fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọ̀wọ́. Lákòókò tí gbogbo ilé ìwòsàn ayé ń wá ìbọ̀wọ́ lójú méjèèjì, ọwọ́ ti dínkù níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó tún di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Top Glove, tó tóbi jù lọ láyé nínú iṣẹ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í ti 28 nínú àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, nítorí pé àrùn náà ti ràn kálẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn.

Ti ìbòmú kò yàtọ̀. Kí àrùn náà tó bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìbòmú ayé ló ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n sì ti ìlú Wuhan pa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé owó ìbòmú tí àwọn dókítà ń lò ti di ìlọ́po mẹ́fà, ti N95, ìyẹn ìbòmú tó máa ń sẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, ti di ìlọ́po mẹ́ta, ti aṣọ ìdáàbòbò sì ti di ìlọ́po méjì. Wọ́n ṣírò pé gbígbógun ti àrùn náà yóò máa gba mílíọ̀nù 89 ìbòmú àti mílíọ̀nù 76 ìbọ̀wọ́ lóṣù kan ṣoṣo, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ ní láti fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó kó àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìsémọ́lé Èkó, Ògùn àti Àbújá kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Owó ti fò sókè lókè òkun kí ìlà tó gùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kankan ní Mọ́kọ́lá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọlọ́jà kékeré ló ń pinnu iye ọjà nígbà irú wàhálà bẹ́ẹ̀, kó lọ ka àbọ̀ ìwádìí tí National Audit Office, ìyẹn àjọ tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Láti oṣù Kejì sí oṣù Keje ọdún náà, ẹ̀ka ìlera ìjọba wọn ná bílíọ̀nù 12.5 pọ́n-ùn láti ra bílíọ̀nù 32 ohun ìdáàbòbò, àtìbọ̀wọ́, àtìbòmú, àtaṣọ. Àwọn aṣèwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé ká ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́dún 2019 ni wọ́n fi rà á, bílíọ̀nù 2.5 ni ì bá jẹ́. Bílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ló bá ọ̀wọ́n lọ. Ìjọba tó ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀, tó lè háyà ọkọ̀ òfurufú, tó sì ní aṣojú ní gbogbo olú-ìlú ayé, ló san ìlọ́po márùn-ún owó ọjà. Kí ni ìyá tó ń fi owó àjọ ra páálí ìbọ̀wọ́ fẹ́ ṣe sí i?

Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn nítorí ìdí mìíràn: kò ṣojú sàájú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n la ọ̀nà àkànṣe kan fún àwọn tí mínísítà, aṣòfin tàbí òṣìṣẹ́ àgbà bá dárúkọ pé wọ́n lè kó ọjà wá, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lára àwọn tó gba ọ̀nà náà ló rí iṣẹ́ gbà, nígbà tí àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà gbogbo ayé wọlé kò ní tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sójú ìjọba ló tó ká fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Níbo wá ni ọwọ́ ọlọ́jà wà? Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń bèèrè ọjà lákòókò yẹn. Ká ní páálí márùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù kan máa ń tà lóṣù nígbà tí ara rọ ayé. Nígbà tí ọ̀wọ́n dé, tí alágbàtà rẹ̀ sì sọ pé bóyá ni òun máa rí méjì fún un, kò ní dúró lásán: á bèèrè mẹ́wàá lọ́wọ́ alágbàtà àkọ́kọ́, á tún bèèrè mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kejì, á ní kí ẹnì kẹta náà bá òun wá mẹ́wàá, pẹ̀lú èrò pé èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni òun máa rà. Kò sí ìwà ibi kankan nínú ìyẹn, ọgbọ́n ọlọ́jà ni. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà mẹ́ta ló ti kọ mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú ìwé wọn nítorí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta márùn-ún. Àwọn náà á bu tiwọn lé e nígbà tí wọ́n bá ń ránṣẹ́ sí Èkó, nítorí wọ́n mọ̀ pé Èkó kò ní fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n bá bèèrè. Ẹni tí ń kó ọjà wọlé á wo àkójọ gbogbo rẹ̀, á rò pé gbogbo Ìbàdàn ti ń wọ ìbọ̀wọ́ sùn, á sì lọ fi owó ńlá jà fún kọ̀nténà tí gbogbo ayé ń jà fún. Báyìí ni páálí márùn-ún ṣe ń di ọgbọ̀n kó tó dé èbúté, tí yóò sì ti di nǹkan mìíràn pátápátá kó tó dé Malaysia.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ ìṣòro náà tipẹ́tipẹ́, ó sì ní apá kejì tí àwọn ènìyàn kì í kà kún un. Nígbà tí ọjà bá dé tán, gbogbo ènìyàn á fagi lé ohun tí wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà á wá pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lọ́dún 2022, ìbọ̀wọ́ ti pọ̀ láyé débi pé Top Glove kan náà, tó pa owó rẹpẹtẹ nígbà ọ̀wọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àdánù. Ẹ̀yin náà á ti rí àwọn kan ní Ìbàdàn tí ìbòmú kú mọ́ lọ́wọ́. Olójúkòkòrò tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní kó owó rẹ̀ lé irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí. Ẹni tí kò rí iwájú ọ̀nà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì fà á ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn tí páálí náà gba ọwọ́ wọn kọjá tó mọ iye tí wọ́n ń tà ní tòótọ́ lórí káńtà. Iye tí ẹnì kejì rẹ̀ bèèrè nìkan ni oníkálukú ń rí.

Èyí ló jẹ́ kí n máa ṣàníyàn bí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọ̀wọ́n láti orí káńtà, tí wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2020, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ni ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń gbówó lé sanitáísà àti ìbòmú. Iṣẹ́ wọn ni, òfin ló sì fún wọn láṣẹ. Ọlọ́jà tó ra nǹkan ní iye àtijọ́, tó wá ń tà á ní ìlọ́po mẹ́rin, yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bi léèrè. Àmọ́ káńtà ni ibi tí ọ̀wọ́n ń fara hàn gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nìkan, ọlọ́jà ni yóò máa rí, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà nínú ọ̀ràn oògùn ti wà nílẹ̀ kí Kòrónà tó dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó gbọ́ orúkọ àrùn náà, FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó dà bíi NAFDAC tiwa, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìdí tí oògùn fi ń wọ́n. Wọ́n yẹ oògùn 163 tó di ọ̀wọ́n láàárín ọdún 2013 sí 2017 wò, wọ́n sì rí i pé ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló di ọ̀wọ́n nítorí ìṣòro inú ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ibi tí kò mọ́ tó, oògùn tí kò pójú ìwọ̀n. Nígbà tí wọ́n wá bi ara wọn pé kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò tún ara wọn ṣe, èsì náà yà wọ́n sí ọ̀nà mìíràn: oògùn wọ̀nyí ti pọ́ọ́kú jù. Owó tó ń wọlé lórí wọn kò tó láti ra ẹ̀rọ tuntun, àwọn tó ń ra oògùn kì í sì í san kọ́bọ̀ lé e fún ilé-iṣẹ́ tó bá múra dáadáa ju ẹlòmíràn lọ. Lóṣù yẹn kan náà, àjọ náà sọ fún àwọn aṣòfin pé ìdá 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ògidì èròjà oògùn fún Amẹ́ríkà ló wà nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Igi gogoro ti ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n sì rí i. Rírí nìkan ni wọ́n rí i.

Paracetamol tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Íńdíà fi òfin de kíkó 26 nínú èròjà oògùn àti oògùn jáde nílùú láìgba ìyọ̀ǹda, Paracetamol sì wà lára wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, wọ́n tú ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Paracetamol kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Íńdíà náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ṣáínà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń ra púpọ̀ nínú ògidì èròjà, Ṣáínà sì ti tì. Nàìjíríà, tó ń ra nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn rẹ̀ láti òkè òkun, wà ní ìdí ìlà náà pátápátá. Àní páàkì Paracetamol tí wọ́n kọ "Made in Nigeria" sí lára, inú kọ̀nténà láti Éṣíà ni ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe é ti sábà máa ń wá. Oníkẹ́míìsì tó sọ fún oníbàárà pé "kò sí" nígbà náà, òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni àwọn aṣèwádìí yóò ti rí nǹkan tuntun kọ́ bí wọ́n bá farabalẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí lára ibi tí ìjọba àpapọ̀ sé mọ́lé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Òfin kónílé-ó-gbélé la ní, láti agogo méje alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde. Bí a bá wo ìwé òfin nìkan, ọjà kò yẹ kó dúró ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀nténà tó lè ti Àpápá dé Dùgbẹ̀ láìla Èkó àti Ògùn kọjá, ìpínlẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì tì. Òótọ́ ni pé wọ́n yọ oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀ nínú òfin náà, èbúté kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń bá ni gba ẹrù sílẹ̀ kò rí ọkọ̀ wọ̀ débi iṣẹ́, báńkì ń ṣí díẹ̀, ń tì púpọ̀, awakọ̀ tó ní ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ sì ní láti máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá láti ìdènà kan sí èkejì, ẹ sì mọ ohun tí ìṣàlàyé máa ń ná ni lójú ọ̀nà wa. Ìlú tí wọn kò tì ń jìyà ìtìpa ìlú mìíràn.

Ti oúnjẹ tún yàtọ̀ sí ti oògùn. Tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tí ń wọ Bódìjà kì í ti òkè òkun wá. Ọ̀nà Jẹ́bbà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀, òru sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ náà fẹ́ràn láti rìn nítorí oòrùn. Nígbà tí òfin dé pé kí ẹnikẹ́ni má rìn lóru, ọkọ̀ tó yẹ kó wọ Bódìjà lójúmọmọ á dúró síbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u. Ẹ̀wà lè dúró. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó bá dúró ọjọ́ kan sí i nínú tírélà, ti ìsàlẹ̀ á ti máa ṣomi, èyí tó bá sì dé òkè ọjà á ní láti ru owó èyí tó ti jẹrà. Nítorí náà, ìwádìí tó bá da oúnjẹ àti oògùn pọ̀ sínú ìbéèrè kan náà, bíi "ṣé ọjà wọ́n?", kò lè mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni ìkan ti já, pé ilé-iṣẹ́ lókè òkun ni ìkejì ti já, àti pé oògùn ìkan kọ́ ló lè wo ìkejì.

Nílẹ̀ wa, ìwádìí ìjọba tó wúlò jù nígbà náà, lójú tèmi, ni èyí tí NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, àti Báńkì Àgbáyé jọ ṣe lórí fóònù. Láti òpin oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ti ń pe nǹkan bí ìdílé 1,950 káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì ń pè wọ́n padà lóṣooṣù. Nínú ìpè àkọ́kọ́, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn náà tó dé ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí rẹ̀, ìdá 79 sì sọ pé owó tí ń wọlé fún ilé àwọn ti dínkù. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yá ju ohun tí a sábà máa ń retí lọ́wọ́ ìjọba wa lọ. Ohun tó wọ̀n ni ìyà tí ìdílé jẹ. Fóònù lè bi ìyá kan bóyá ó rí oògùn rà, kò lè sọ ibi tí páálí oògùn náà há sí.

Iye owó oúnjẹ náà kò lè dá sọ ìtàn yìí. Ìṣirò NBS fi hàn pé ìwọ̀n tí owó oúnjẹ fi ń gun òkè lọ́dọọdún jẹ́ ìdá 14.98 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ó sì ti di 19.56 ní oṣù Kejìlá. Ó rọrùn láti di gbogbo rẹ̀ ru Kòrónà. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Owó orí ọjà tí a ń pè ní VAT ti kúrò ní ìdá 5, ó ti di 7.5, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020. Báńkì àpapọ̀ sì sọ dọ́là di náírà 360 láti 307 ní oṣù Kẹta yẹn gan-an. Ká má tíì mẹ́nu ba àwọn àgbẹ̀ òkè Ọya tí kò lè lọ sóko nítorí àìsí ààbò. Aṣèwádìí tó bá fẹ́ mọ èyí tí àrùn fà nínú gbogbo èyí, tó sì ní iye owó nìkan lọ́wọ́, ojúgun ni yóò máa pọ́n lá.

Ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni déètì. Bí a bá mọ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bèèrè ọjà, ọjọ́ tí alágbàtà ṣèlérí, ọjọ́ tí ó dé, àti iye tó dé nínú iye tí wọ́n bèèrè, a ó rí ibi tí nǹkan ti dúró àti ìgbà tó dúró. Ọjà tí kò dé láti oṣù Kejì, kí wọ́n tó ti Èkó, òkè òkun ló ti já. Èyí tó ń dé dáadáa títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ojú ọ̀nà ló ti já. Èyí tó dé ní iye tó ń dé tẹ́lẹ̀, àmọ́ tó tán lọ́jọ́ kan, ìbẹ̀rù oníbàárà ló gbé e lọ. Ìjọba kò ní irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ní in.

Amẹ́ríkà náà kò gbọ́n ju wa lọ nípa èyí. Òfin CARES, ìyẹn òfin ìrànwọ́ Kòrónà wọn, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020, pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé National Academies wọn ṣèwádìí bí irinṣẹ́ ìwòsàn ṣe ń dé ilẹ̀ wọn. Nígbà tí àbọ̀ náà jáde lọ́dún 2022, ohun tí wọ́n fi ṣíwájú ìmọ̀ràn wọn ni pé kí FDA máa tọ ipasẹ̀ ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń wá àti iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ̀ dájú ibi tí oògùn rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ lè ní ṣebí kí ìjọba kàn máa kó nǹkan pamọ́ dè ọjọ́ iwájú ni. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, mo gbà, ṣùgbọ́n omi náà ní ọjọ́ tó ń gbẹ. Amẹ́ríkà ní ilé ìkẹ́rùsí irú èyí. Wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 85 N95 jáde nínú rẹ̀ nígbà àrùn H1N1 ti ọdún 2009, wọn kò sì dá a padà sí bó ṣe wà kí Kòrónà tó dé. Níhìn-ín, abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan la dà nù l'Ábùjá ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, nítorí pé ọjọ́ tó kù fún un kò tó nǹkan nígbà tí wọ́n kó o fún wa. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: oògùn tí a kó jọ, tí a kì í tà kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ìdọ̀tí ni lọ́la.

Ó yá, ti àwọn òṣìṣẹ́ tó wá. Ẹ dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo káàdì wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè àjọ tó rán wọn wá. Bó bá jẹ́ NBS ni, Òfin Ìṣirò ti ọdún 2007 tó dá wọn sílẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe àṣírí. Àpapọ̀ ni wọ́n máa gbé jáde. Bó bá jẹ́ NISER, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ajé àti àwùjọ, ni, ọ́fíìsì wọn kò jìnnà, Ọjọ́ọ̀ níbí ni wọ́n wà, ẹ lè rán ọmọ lọ bèèrè. Bó bá wá jẹ́ NAFDAC tàbí FCCPC, ìyẹn yàtọ̀, nítorí àwọn àjọ yẹn lágbára láti fìyà jẹ ẹni tó bá rú òfin. Òótọ́ náà ni kí ẹ sọ, àmọ́ kí akọ̀wé tàbí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ yín jókòó tì yín.

Ẹ má fi ìrántí nìkan dáhùn ìbéèrè iye owó. Láti ìgbà tí náírà ti já ní ọdún 2023, iye ọjà ti dàrú mọ́ gbogbo wa lójú, ẹni tó bá ń rántí 2020 lónìí lè máa dá iye ọdún méjì-mẹ́ta pọ̀ láìmọ̀. Ẹ wá ìwé àtijọ́ jáde: rìsíìtì, wébíìlì, álàáàtì báńkì, àní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti alágbàtà jọ ń fi ránṣẹ́ síra lórí WhatsApp, nítorí déètì àti aago wà lára rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti bèèrè ọjà kan lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í pamọ́, wọn á ka ọgbọ̀n páálí sí ohun tí Mọ́kọ́lá nílò ní tòótọ́, orí ìṣirò yẹn ni wọ́n sì máa gbé ètò ọjọ́ mìíràn kà. Bí ìwé ìbéèrè wọn kò bá ní àyè fún ọjọ́ tí ẹ bèèrè ọjà àti ọjọ́ tó dé, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́tókọ́pì ni kí ẹ fún wọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ tó gbà á sẹ́yìn tiyín.